A Ó GBÓHÙN ÌYÁ, A Ó GBÓHÙN ỌMỌ: Àdúrà Nìkan Kò Tó fún Aboyún Tí Sìgá Ti Di Bárakú fún

Kò sí aboyún tí yóò kọjá níwájú ilé Yorùbá, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Accra, tí àwọn àgbà tí ó jókòó níbẹ̀ kò ní ṣe àdúrà fún un pé: "Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Àdúrà rere ni, kò sì sí ẹni tí kò ní ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n aboyún kan ń bẹ tí àdúrà yìí máa ń gbẹ mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá rí i. Òun ni aboyún tí sìgá wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀. Òṣé ni wọ́n ń pa sí i. Wọ́n á ní kò nítìjú. Wọ́n á ní kò fẹ́ràn ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní irú ìyá wo tilẹ̀ ni èyí? Nígbà tí wọ́n bá sì ti bú u tán, olúkúlùkù á gba ilé rẹ̀ lọ, bí ẹni pé èébú ti di oògùn.

Èébú kì í ṣe oògùn, bárakú kì í sì í gbọ́ èébú. Ohun kan ṣoṣo tí èébú ń ṣe ni pé ó ń lé obìnrin náà wọ kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti máa mu sìgá rẹ̀, níbi tí agbẹ̀bí kò ti ní rí i, tí dókítà kò ti ní mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn àgbà wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí kò tíì dé ọjà rárá, tí ó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ta ni yóò bá a tún orí tirẹ̀ ṣe?

OHUN TÍ OJÚ Ń RÍ NÍ ADABRAKA

Ẹ wo Adabraka, ní àárín gbùngbùn ìlú Accra. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà ní ìlú náà ní ọdún 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ṣètò ilẹ̀ rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè ráyè kó jáde kúrò nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ tí ó há. Láti ìgbà náà ni onírúurú ẹ̀yà ti ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Àwọn Yorùbá náà kì í ṣe àlejò ní Accra. Àdúgbò kan tí à ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sílé pẹ̀lú ẹrù lórí, ṣùgbọ́n kò gbá wọn tán, àwọn mìíràn sì tún padà lọ. Nítorí náà, kí Yorùbá kankan má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ Adabraka kò kan òun.

Títì ńlá Kwame Nkrumah Avenue gba Adabraka kọjá lọ sí Circle, níbi tí ọkọ̀ àti èrò kì í ti í sinmi ní ọ̀sán tàbí ní òru. Ní ẹ̀gbẹ́ títì bẹ́ẹ̀, lórí tábìlì kékeré, ìṣáná, súìtì àti sìgá ni à ń tà pọ̀. Ẹni tí kò bá lówó páálí lè ra ẹyọ kan.

Ẹ ro ti obìnrin kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ilé ọtí ni ó ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ nígbà tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń fi sìgá lọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti di pé kò lè mú òru já bí kò bá fa méjì tàbí mẹ́ta. Lónìí, ó ti lọ́kọ, ó ti fi ilé ọtí sílẹ̀, aṣọ ni ó ń tà, oyún rẹ̀ sì ti di oṣù mẹ́rin. Láti ọjọ́ tí ó ti mọ̀ pé òun lóyún ni ó ti pinnu láti jáwọ́. Ó ju páálí tí ó kù sínú ààtàn. Ní ọjọ́ kìíní, ó ń jẹ súìtì, ó ń run orín títí ètè rẹ̀ fi bó. Ní ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ ọ, ó ń jágbe mọ́ ọmọdé tí kò ṣe nǹkan kan. Ní òru ọjọ́ kẹta, kò rí oorun sùn, ara rẹ̀ kò balẹ̀ níbi kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà nídìí tábìlì ẹni tí ń ta sìgá. Ẹyọ kan péré ni ó rà. Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ni ó ti mu ún, ó sì ń sunkún bí ó ti ń mu ún. Lẹ́yìn náà, ó jẹ ata ilẹ̀, kí ìyá ọkọ rẹ̀ má bàa gbọ́ òórùn lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó bá kúnlẹ̀ kí i ní òwúrọ̀. Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Ìyàwó mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Ó ṣe àmín, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún, nọ́ọ̀sì bi í léèrè ní etí gbogbo èrò: "Ìyá, ṣé ẹ kì í mu ọtí? Ṣé ẹ kì í mu sìgá?" Ogún obìnrin ni ó yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdáhùn wo ni ẹnikẹ́ni rò pé yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde? "Rárá o, nọ́ọ̀sì." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pé rárá, ó sì pe ẹni tí ó kàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ó ti ilẹ̀kùn ìrànlọ́wọ́ mọ́ ìyá, tí ó sì tì í mọ́ ọmọ.

Àpẹẹrẹ ni obìnrin yìí jẹ́, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé pẹ̀lú ẹni tí bárakú mú yóò mọ̀ pé kò sí àsọdùn nínú rẹ̀.

WỌ́N NÍ OBÌNRIN WA KÌ Í MU SÌGÁ

Àwọn kan yóò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọn yóò ní: "Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Àwọn obìnrin wa kì í mu sìgá." Òtítọ́ ni pé wọn kò pọ̀. Ìwádìí tí ìjọba Gánà ṣe lórí ìlera ìdílé ní ọdún 2014 fi hàn pé àwọn obìnrin tí ó sọ pé àwọn ń mu sìgá kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà dáradára: àwọn tí ó sọ pé àwọn ń mu ún ni wọ́n kà. Àwọn tí kò sọ ńkọ́?

Ní Scotland, níbi tí obìnrin ti lè mu sìgá ní gbangba láìsí ẹni tí yóò pe ẹbí rẹ̀ jọ nítorí rẹ̀, àwọn oníwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún wò, wọ́n sì fi í wé ohun tí àwọn aboyún náà fi ẹnu ara wọn sọ fún agbẹ̀bí. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé nínú aboyún mẹ́rin tí ń mu sìgá, bí ẹnì kan ni ó sọ pé òun kì í mu ún. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin bá ń fi í pamọ́ ní ilẹ̀ Scotland, mélòó ni yóò fi í pamọ́ ní Adabraka? Mélòó ni yóò fi í pamọ́ ní Mushin, níbi tí ọ̀rọ̀ ìyàwó ti lè di ìpàdé ẹbí kí ọjọ́ tó rọ̀?

Síwájú sí i, ta ni ó sọ pé tábà ṣàjèjì sí obìnrin Yorùbá? Ẹni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ ti rí ìyá àgbà tí ń fín aṣáà tàbí tí ń jẹ tábà, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní aláìnítìjú. Ní àwọn Zongo ilẹ̀ Gánà, tawa ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu. Níkótìnì tí ó wà nínú sìgá náà ni ó wà nínú aṣáà. Bí aṣáà kò tilẹ̀ ní èéfín, inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni oró rẹ̀ ń wọ̀, ara ọmọ ni ó sì ń dé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àṣà bo ohun tí ojú ń rí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni aboyún bẹ́ẹ̀ kù ní gbogbo Accra, ọ̀kan náà ní ọmọ nínú.

OHUN TÍ ÈÉFÍN Ń ṢE FÚN ỌMỌ INÚ

Kì í ṣe àná ni ayé mọ ewu yìí. Láti ọdún 1957 ni oníwádìí kan tí ń jẹ́ Simpson, ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ọmọ tí ó kéré jù nígbà ìbí pọ̀ láàárín ọmọ àwọn ìyá tí ń mu sìgá ju láàárín ọmọ àwọn tí kì í mu ún lọ. Láti ìgbà náà, ìwádìí lórí ìwádìí ni ó ti jẹ́rìí sí i.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ibi ọmọ ni ọjà tí ìyá ti ń ra oúnjẹ àti èémí fún ọmọ inú rẹ̀. Èéfín sìgá ń gbé afẹ́fẹ́ olóró kan wá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ carbon monoxide, irú èyí tí ń jáde láti ẹnu jẹnẹrétọ̀ tí ó sì ti pa àwọn tí ń tì í mọ́lé sùn. Afẹ́fẹ́ yìí ń gba àyè tí èémí rere ìbá wà nínú ẹ̀jẹ̀. Níkótìnì ní tirẹ̀ ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún. Bí ìyá bá fa èéfín sínú, ọmọ dà bí ẹni tí a di imú rẹ̀ díẹ̀, tí a sì gba díẹ̀ nínú oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi nǹkan bí gíráàmù 200 fúyẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ nígbà ìbí. Oṣù rẹ̀ lè má pé kí ó tó dé. Ibi ọmọ lè ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ kí àkókò tó tó, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ya. Ọmọ lè kú sínú. Èyí tí a bí láàyè náà lè sùn ní alẹ́ kí ó má sì jí ní òwúrọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ tí ó bá kéré ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ń rọrùn. Irọ́ tí ń pani ni. Ọmọ tí ó kéré nítorí pé ebi èémí pa á nínú ìyá rẹ̀, ayé ni yóò wá ti jìyà ohun tí ìyá rò pé òun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìrọbí.

Ṣùgbọ́n ìhìn rere kan wà níbẹ̀ tí àwọn eléèébú kì í rántí sọ. Bí ìyá bá jáwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ọmọ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ọmọ ẹni tí kò mu sìgá rí. Bí ó sì ṣe ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje ni ó tó jáwọ́, èrè ṣì wà níbẹ̀ fún òun àti ọmọ. Kò sí ọjọ́ tí ó pẹ́ jù. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ tí ìtìjú bá mú kí obìnrin náà dákẹ́, ọjọ́ tí a jí lọ́wọ́ ọmọ ni.

Ẹ̀BI TA NI?

Ẹ̀yin tí ń wí pé, "Ṣebí kí ó sáà jáwọ́," ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ìmọ̀ sọ. Ní ọdún 2002, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé ara obìnrin tí ó lóyún ń gbọn níkótìnì dànù kíákíá ju ti ìgbà tí kò lóyún lọ, ó sì yá ju tàtẹ̀yìnwá lọ ní ìwọ̀n 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ni ìtumọ̀ èyí? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ebi sìgá tètè ń pa aboyún ju bí ó ti ń pa á tẹ́lẹ̀ lọ. Ní àkókò gan-an tí gbogbo ayé ń pariwo pé kí ó jáwọ́, ara rẹ̀ ni ó ń béèrè sí i. Obìnrin tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ tí ń sunkún yẹn kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ogun ni ó ń jà, òun nìkan ni ó sì ń jà á, láìní idà, láìní asà.

Ta ni ó fi sìgá sí ọwọ́ obìnrin ní àkọ́kọ́? Ní ọdún 1929, ní ọjọ́ Àjíǹde ní ìlú New York, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edward Bernays, tí ilé-iṣẹ́ American Tobacco háyà, ṣètò àwọn ọ̀dọ́bìnrin kí wọ́n máa mu sìgá bí wọ́n ti ń rìn lójú pópó láàárín èrò, kí àwọn oníwèé ìròyìn lè ya àwòrán wọn. Ògùṣọ̀ òmìnira ni wọ́n pe sìgá náà. Ẹ wo ẹ̀tàn! Wọ́n mú ọ̀rọ̀ òmìnira, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀jẹ̀ rà, wọ́n fi dì mọ́ ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó tan obìnrin wọ inú ẹ̀wọ̀n ń gbé ilé aláruru, ẹni tí a tàn ni à ń pòṣé sí. Ṣé ìdájọ́ òdodo nìyẹn?

ẸNI BÍMỌ Ọ̀RÀN NI Í PỌ̀N ỌN

Ẹ̀bi náà kò sì jìnnà sí ilé. Ní ọdún 1933 ni àwọn onísìgá Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òṣogbo. Ní ọdún 1937, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní Gánà, Takoradi ni wọ́n tẹ̀dó sí, níbi tí Pioneer Tobacco Company ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe sìgá ní ọdún 1952. Nígbà tí ó di ọdún 2001, British American Tobacco bá ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe àdéhùn tí iye rẹ̀ jẹ́ 150 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ tuntun wọn ṣí ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2006, wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Takoradi pa, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà. Báyìí ni sìgá tí à ń ṣe ní Ìbàdàn ṣe di èyí tí à ń kó lọ tà ní ilẹ̀ Gánà.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ǹjẹ́ ó yé yín báyìí? Sìgá tí aboyún ń mu ní ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ní Adabraka lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé yín ni ó ti gbéra. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí fi burú jù ni pé ará ilé ẹni gan-an ni ó ń bá wọn dín kòkòrò náà.

Àwọn alátìlẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà yóò ní ó ń fún àwọn ènìyàn níṣẹ́, ó ń san owó orí, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn sì ń rí owó ewé tábà gbà. Kò sí ẹni tí ó ń bá àgbẹ̀ jà. Ohun tí wọ́n bá wá rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gbìn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka èrè, kí a ka àdánù pẹ̀lú. Owó orí tí ó wọ àpò ìjọba Nàìjíríà kò san owó ìtọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní Accra. Iṣẹ́ tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn rí kò gbọdọ̀ di ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi pa ẹnu mọ́ lórí ẹ̀mí ọmọ ẹyọ kan.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà kéde pé British American Tobacco àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ yóò san 110 mílíọ̀nù dọ́là láti fi parí ìwádìí tí àjọ náà ti ń ṣe lórí wọn. Owó ńlá ni! Kí àwọn aṣòfin dáhùn ìbéèrè yìí ní gbangba: nínú 110 mílíọ̀nù dọ́là, kọ́bọ̀ mélòó ni ó dé ilé ìwòsàn àwọn aboyún? Agbẹ̀bí mélòó ni a fi kọ́ bí a ti ń ran ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́? Ẹni tí ó bímọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọn. Àwọn ni ó bí ọmọ yìí. Ẹ̀yìn aboyún ni wọ́n gbé e kọ́.

ÒFIN WÀ, ṢÙGBỌ́N APÁ KAN NI WỌ́N MÚ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi ọlá fún ẹni tí ọlá yẹ. Láti ọdún 1982 ni ìjọba Gánà ti ní kí wọ́n má ṣe polówó sìgá mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, Gánà fi ọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà; Nàìjíríà tẹ̀lé e ní ọdún 2005. Òfin ìlera Gánà ti ọdún 2012, Act 851, ka mímu sìgá léèwọ̀ ní inú ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò, àyàfi ibi tí a bá yà sọ́tọ̀, ó sì ka títà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀. Ìlànà ọdún 2016 ni ó mú kí àwòrán ìkìlọ̀ wà lára páálí sìgá láti ọdún 2018. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2015. Iṣẹ́ rere ni gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ọwọ́ sí kò dúró níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹrìnlá rẹ̀ sọ ní kedere pé kí ìjọba pèsè ìrànlọ́wọ́ àti ìtọ́jú fún àwọn tí tábà ti di bárakú fún. Láti ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kọ ìlànà jáde lórí aboyún nìkan: kí a bi gbogbo aboyún léèrè nípa tábà àti èéfín ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá, kí a fún ẹni tí ń mu ún ní ìyànjú àti àbójútó, kí a bá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe oògùn olówó gọbọi ni àjọ náà ní kí a rà. Kódà, ó ní kí a má ṣe fún aboyún ní méjì nínú àwọn oògùn tí àwọn mìíràn fi ń jáwọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu, sùúrù àti ìtẹ̀lé ni ó béèrè. Nítorí náà, kí ìjọba kankan má ṣe sọ pé kò sí owó.

Àwòrán ìkìlọ̀ nìkan kò tó. Obìnrin tí ń ra ẹyọ kan lórí tábìlì kò tilẹ̀ rí páálí tí àwòrán wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rí i, ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù náà á mú kí ó tún wá sìgá tí yóò fi gbàgbé ẹ̀rù. Kí a dẹ́rù ba ènìyàn kí a má sì fi ọ̀nà hàn án, ìyẹn ni àwọn àgbà ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀rí sì wà pé ìrànlọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́. Ní ìlú Glasgow, wọ́n pín aboyún 612 tí ń mu sìgá sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn ni a fún ní ìrànlọ́wọ́ tí ó wà ní ilẹ̀. Ìdajì wọn tún ń gba ìwé tí wọ́n lè fi ra ọjà bí wọ́n bá ti ń borí, tí gbogbo rẹ̀ lè tó 400 pọ́ùn. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2015 ni pé nínú àwọn tí a ràn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jáwọ́ títí dé òpin oyún. Nínú àwọn yòókù, bí 9 péré ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà burúkú ni ó ń mú aboyún mu sìgá, báwo ni ìwé ọjà ṣe wo ìwà burúkú sàn? Àwọn obìnrin kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan dúró tì wọ́n, ó sì mú ìjàkadì wọn ní ọ̀ràn gidi.

Ilé tí a ó ti ṣe iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kíkọ́. Láti ọdún 2008 ni Gánà ti ń jẹ́ kí aboyún gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò ìbánigbófò ìlera. Obìnrin náà ti ń wá fúnra rẹ̀. Ó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tí ó kù ni pé kí a mú un wọ inú yàrá, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a sì bi í léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

ỌKỌ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti fò yín dá. Ẹ̀yin ni ó ń mu sìgá jù ní Gánà àti ní Nàìjíríà. Ọkùnrin tí ó jókòó sí àgbàlá, tí ń fẹ́ èéfín sí ojú fèrèsé yàrá tí aboyún sùn sí, òun náà ń fi sìgá sí ọmọ inú lẹ́nu. Ọkùnrin tí ó ní kí ìyàwó jáwọ́, tí páálí sì wà nínú àpò agbádá òun fúnra rẹ̀, irú ìmọ̀ràn wo ni ó ń gbani? Obìnrin tí ń gbìyànjú láti jáwọ́ kò lè borí nínú ilé tí èéfín ti ń pè é ní orúkọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ọkọ bá fẹ́ gbóhùn ọmọ, kí ọkọ àti aya jọ jáwọ́. Bí kò bá lè jáwọ́ lónìí, kí ó kúrò nínú ilé kí ó tó tan iná sí i.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ BÉÈRÈ

Ẹ̀yin olùfẹ́ ìlọsíwájú, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá tún dé àdúgbò yín pẹ̀lú ìlù àti ìrẹsì, nǹkan mẹ́rin yìí ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Èkíní: kí gbogbo agbẹ̀bí máa bi aboyún léèrè nípa sìgá, aṣáà àti èéfín ilé ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe ní etí èrò, kí a sì ka èébú sí ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú iṣẹ́.

Èkejì: kí a kọ́ àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì bí a ti ń ran aboyún lọ́wọ́ láti jáwọ́, kí a sì máa tẹ̀lé e láti oṣù dé oṣù, títí di ẹ̀yìn ìkúnlẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ń padà sídìí sìgá lẹ́yìn tí ọmọ bá dé.

Ẹ̀kẹta: kí a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó orí sìgá àti nínú gbogbo owó ìtanràn tí àwọn onísìgá bá san, fún iṣẹ́ yìí nìkan, kí a sì ṣírò rẹ̀ fún aráyé ní ọdọọdún.

Ẹ̀kẹrin: kí òfin tí ó ti wà ní ilẹ̀ má ṣe jẹ́ òfin orí ìwé. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, síbẹ̀ ọmọdé mọ tábìlì tí ó ti lè rí ẹyọ rà.

Ní ti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kò nílò kí ẹ dúró de ìjọba. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn sìgá lẹ́nu ìyàwó yín ní òwúrọ̀, ẹ má ṣe pe ẹbí jọ. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ó ń nira fún ọ. Jẹ́ kí a jọ lọ rí agbẹ̀bí." Ẹ bá a lọ. Bí ó bá ṣubú ní ọjọ́ kẹta, ẹ gbé e dìde ní ọjọ́ kẹrin. Nígbà náà ni ẹ ó tó lè ṣe àdúrà náà tọkàntọkàn, tí òun náà yóò sì lè ṣe àmín láìyíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.